Aago Mẹ́wàá Kọjá Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ọ̀gá ilé iṣẹ́ aṣírò-owó kan ní Ìbàdàn ránṣẹ́ pè mí. Èèyàn mẹ́rìnlá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwé owó àwọn oníṣòwò ni wọ́n ń bá wọn tò, wọ́n sì ń bá àwọn míràn ṣe owó oṣù òṣìṣẹ́. Láàárín ọdún kan péré, iná ti ba kọ̀ǹpútà mẹ́rin jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. NEPA á mú iná lọ, á sì dá a padà pẹ̀lú agbára tó lè sun ewúrẹ́. Ẹ̀kẹrin tó jóná gbé ìwé oníbàárà kan lọ pátápátá, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀gá fetí sí àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà orí cloud.

Fún ẹni tí kò bá tíì fojú rí i: kọ̀ǹpútà gan-an kò sí ní ọ́fíìsì. Windows, Excel àti fáìlì gbogbo wà nínú sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà lókè òkun. Àwòrán ojú rẹ̀ nìkan ló ń wá bá ọ nílé; lẹ́tà tí o tẹ̀ àti ibi tí mọ́ọ̀sì rẹ rìn dé ni ìwọ ń fi ránṣẹ́ sí i. Láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lè ṣe é, torí kì í ṣe òun ló ń ronú. Bí iná bá lọ, ojú nìkan ló ṣókùnkùn, iṣẹ́ rẹ ṣì wà níbi tí o fi í sí.

“Bá mi dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì,” ni ọ̀gá wí, “kí n tó sanwó ọdún kan. Dọ́là ni wọ́n ń gbà o.” Ó jàre. Dọ́là tó wà ní nǹkan bíi ₦460 kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ti kọjá ₦1,500 nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ tó ń ta á ti wá ṣe tirẹ̀ kí n tó dé. Ó ṣí Excel, ó ṣí Chrome, ó wọn bí dátà ṣe ń sáré sí, ó tẹ nǹkan díẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà yára bí àṣá. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn sọ́kàn.

Ibi tí sáfà máa gbé ni mo kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè. Àwọn olùtajà ní Johannesburg ló dáa fún wa, “Áfíríkà náà ni, sà.” Lójú máàpù, òótọ́ ni: láti Èkó dé Johannesburg jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 4,500, Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì tó 5,000. Mo ní kí wọ́n ṣí ẹ̀rọ kan fún wa ní ìlú méjèèjì. Mo jókòó sí ọ́fíìsì, mo fi ping, ìyẹn ìránṣẹ́ kékeré tó ń lọ tó sì ń bọ̀, kan ilẹ̀kùn ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ń dáhùn láàárín 104 ms, ìyẹn ni pé bí a bá gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, 104 nínú rẹ̀ ló ń lò. Johannesburg ń lo 221.

Mo tẹ traceroute láti mọ ọ̀nà tó ń gbà, àwọn orúkọ tó ń jáde sì tú àṣírí. Láti Ìbàdàn ó lọ sí Èkó, láti Èkó ó gba abẹ́ òkun lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ìgbà yẹn ló tó ṣẹ́rí padà wálẹ̀ sí Gúúsù Áfíríkà. Bí ẹni tó fẹ́ ti Ìbàdàn lọ sí Ṣàgámù tó wá gba Ìlọrin. Ìmọ́lẹ̀ tó ń sáré nínú okùn gíláàsì kì í ju nǹkan bíi kìlómítà 200,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àlọ àti àbọ̀ Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kìlómítà 10,000, ti jẹ 50 ms kí router kankan (ẹ̀rọ tó ń darí dátà lójú ọ̀nà) tó dá sí i, kò sì sí owó tí èèyàn lè san kó dín kù. Ọ̀nà Ìlọrin tí wọ́n ń gbé wa gbà lọ sí Johannesburg ti jẹ tó 140 kó tó kan ìdádúró míì. Ìmọ̀ràn tí Microsoft fúnra rẹ̀ ń fún àwọn tó ń lo Azure Virtual Desktop, kọ̀ǹpútà orí cloud tirẹ̀, ni pé kí àlọ àti àbọ̀ yìí má ju 150 ms lọ. A mú Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ẹni tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ bá ní ọ̀nà tààrà sí Gúúsù Áfíríkà lè rí òdìkejì ohun tí a rí. Kó wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá béèrè ohun kan tí kò sí nínú ìwé àyẹ̀wò mi: “Bí okùn abẹ́ òkun bá tún já ńkọ́?” Kò tíì gbàgbé ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún yẹn, nígbà tí WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ pọ̀ lẹ́bàá Abidjan, tí báńkì àti fóònù dákú káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Mo ní bí irú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, ojú lásán ló máa kù fún wọn. A gbà pé kí láptọ́ọ̀pù méjì tó ní Excel tirẹ̀ máa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì máa da fáìlì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn parí síbẹ̀.

Ìka ọwọ́ èèyàn ló kàn. Ping ń sọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, kò lè sọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó ń tẹ nọ́ńbà láti àárọ̀. Nínú ọ́fíìsì yẹn, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Pẹ́rọ́ọ̀lù. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tó ti ń ṣe owó oṣù. Kì í wo kíbọ́ọ̀dù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń jó lórí nọ́ńbà bí ọwọ́ onílù, ojú rẹ̀ sì wà lára ìwé. Òun ni mo yàn. Bí ẹ̀rọ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò tẹ́ àwọn yòókù lọ́rùn.

Mo to páálí ìwé A4 méjì léra, mo gbé fóònù mi lé e, mo sì tàn án sí slow motion tó ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán kan jẹ́ 4.17 ms nìyẹn. Mo ní kí Àǹtí máa tẹ nọ́ńbà 7, kó dúró díẹ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́, ní ogún ìgbà. Fóònù ń rí ìka rẹ̀ àti ojú kọ̀ǹpútà pọ̀. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mò ń fi ọwọ́ yí fídíò náà ní àwòrán kọ̀ọ̀kan: ìka ń sọ̀kalẹ̀, bọ́tìnì kan ìsàlẹ̀, kò sí nǹkan, kò sí nǹkan, kò sí nǹkan, 7 yọ. Iṣẹ́ náà súni púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bá mi jiyàn lórí rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì tẹ́lẹ̀: àwòrán 15, nǹkan bíi 62 ms. Lọ́ńdọ́ọ̀nù: 42, ìyẹn 175 ms. Johannesburg: 71, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300. Mo bi Àǹtí pé báwo ni ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ṣe rí. “Mo mọ̀ pé kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo lè bá a gbé.” Nígbà tó lo Johannesburg, ó yọ ọwọ́ kúrò. “Ẹ̀ńjíníà, mo ti tẹ̀ ẹ́ tán, òun ṣì ń bọ̀ lọ́nà.”

Lọ́jọ́ kejì, 42 yẹn kò dúró sójú kan. Ó máa ń wà ní 42 fún ìgbà díẹ̀, á sì fò lọ sí 70, nígbà míì 110. Tí Àǹtí bá ń tẹ nọ́ńbà lọ geere, nọ́ńbà mẹ́fà á dákẹ́, gbogbo wọn á wá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bíi Micra ní Òjé tí kò ní gbéra àfi kí èrò pé. Àròpọ̀ ping tí mo pín kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń sọ 109. Ìgbà tí mo tò ó láti kékeré sí ńlá ni mo rí i pé nínú ogún, ọ̀kan ń kọjá 260. Ẹyọ kan nínú ogún kò dà bí nǹkan, àmọ́ ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì ẹgbẹ̀rún mẹ́ta láàárọ̀ ń kọsẹ̀ ní àádọ́jọ ìgbà.

Router ọ́fíìsì ló sọ ìkọsẹ̀ yẹn di ńlá. Ọ̀nà méjì ni dátà lè gbà rìn níbí, UDP àti TCP. Ẹni tó fi í síbẹ̀ ti UDP pa, àfi TCP nìkan ló ń kọjá. Bí ẹrù dátà kan bá sọnù lójú ọ̀nà lábẹ́ TCP, gbogbo ẹrù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á tò sílé, wọ́n á máa retí kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́ ni ti ọ́fíìsì yìí, ẹrù sì ń sọnù níbẹ̀ dáadáa. UDP ní tirẹ̀ kì í dúró de ẹni tó sọnù. Mo ṣí i sílẹ̀, mo rí i dájú pé ẹ̀rọ náà ń lò ó lóòótọ́, nọ́ńbà padà sí láàárín 41 sí 48. Mo rò pé mo ti ṣe tán. Mo tiẹ̀ ti ń kọ ìwé sí ọ̀gá.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kejì, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, mo gbọ́ ohùn Àǹtí láti yàrá kejì: “Ó tún ti dé o!” Mo lọ wò ó. Ó tẹ bọ́tìnì, ó gbé ife tíì sókè, ó mu ún, nọ́ńbà wá yọ. Excel funfun. Mọ́ọ̀sì ń fò bí ìrẹ̀. Gbogbo ọ́fíìsì ti dájọ́ kí n tó jókòó: nẹ́tíwọ̀kì ni. Ní orílẹ̀-èdè yìí, nẹ́tíwọ̀kì ti di ọmọ tí gbogbo ilé ń nà nígbà tí ẹran bá sọnù nínú ọbẹ̀.

Èmi náà nà án. Mo pe ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, mo pàrọ̀ okùn, mo gbé e sórí hotspot fóònù mi. Àfi nígbà tí mo rí i pé ọmọkùnrin kan ń wo fídíò aláwàdà nínú Chrome orí cloud, mo rò pé mo ti mú olè. (Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: fídíò ń lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Lọ́ńdọ́ọ̀nù tún ń yà á ní àwòrán, ó ń dà á padà sí Ìbàdàn. Dátà tí èèyàn mẹ́ta lè fi ṣiṣẹ́ ló ń dà sílẹ̀.) Mo ní kó pa á. Nǹkan kan kò yí padà lára ẹ̀rọ Àǹtí.

Ohun tó gbà mí ni ìwé kékeré kan tí mo ń kọ àsìkò sí. Ọjọ́ Ajé: Àǹtí ṣí ẹ̀rọ ní 8:30, ó lẹ̀ ní 10:10. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: ó ṣí i ní 8:30, ó lẹ̀ ní 10:12. Ní Ọjọ́rú, jẹnẹrétọ̀ kọ̀ láti tàn, iná kò sì sí, a kò ríṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ títí di 9:45. Mo jókòó tì í, mò ń retí 10:10. Ó kọjá, ẹ̀rọ ń yára. Aago mọ́kànlá lù, ẹ̀rọ ń yára. Ní 11:25, ó lẹ̀.

Nẹ́tíwọ̀kì kò lè mọ ìgbà tí Àǹtí dé ọ́fíìsì. Bó bá jẹ́ pé èrò ló pọ̀ lójú ọ̀nà, aago ògiri ni yóò tẹ̀lé. Èyí ń ka ìṣẹ́jú láti ìgbà tí a ti tan ẹ̀rọ: bí ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ṣe é bó ṣe yẹ. Kó tó lẹ̀ àti lẹ́yìn tó lẹ̀, mo wọn nǹkan mẹ́ta. Ping: 104, lẹ́yìn náà 106. Àwòrán fóònù: 43, lẹ́yìn náà 190, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800 ms. Ẹ̀kẹta, mo ní kí 7-Zip, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀, di fóldà kan náà pọ̀ nígbà tí Àǹtí gbé ọwọ́ kúrò: ìṣẹ́jú àáyá 38 kó tó lẹ̀, ìṣẹ́jú méjì àti àáyá mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà wà bó ṣe wà. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ara ti ń ro.

Mo ṣí Task Manager, tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, nínú ẹ̀rọ náà: CPU, ọpọlọ ẹ̀rọ, 100%. Mo ṣí pátákó tí ilé iṣẹ́ tó ni sáfà fi ń ṣọ́ ọ láti òde: 30%. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ẹni tó wà nínú ilé rí i pé òun ti jẹ gbogbo oúnjẹ tó wà nínú àwo. Ẹni tó bu oúnjẹ mọ̀ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lòun bù.

Irú ẹ̀rọ tí wọ́n tà fún wa ni èyí tó ń gbé lórí kírẹ́díìtì. Kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Amazon ní irú rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń fi T bẹ̀rẹ̀, Microsoft ní tirẹ̀ tó ń fi B bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìlànà wọn. Olówó pọ́ọ́kú ni, ó sì dáa fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìwé tí wọ́n fún wa náà, ọ̀rọ̀ “burstable” wà níbẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. A ò kà á ni.

Kóló ni. Kírẹ́díìtì kan ni agbára láti lo core kan (apá kan nínú CPU tó ń dá ṣiṣẹ́) tán pátápátá fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ Àǹtí ní core méjì. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ń ju kírẹ́díìtì 36 sínú kóló rẹ̀, yálà ó ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ń sùn. Nígbà tí a bá tàn án láàárọ̀, 60 ni wọ́n ń bá a fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ Àǹtí, pẹ̀lú Excel tó ní ìlà 11,000, Chrome tó ṣí ojú mẹ́tàlélógún, àti antivirus tó ń yẹ gbogbo fáìlì wò bí ẹ̀rọ bá ti tàn, ń lo core méjèèjì dé nǹkan bíi 60%. Ìyẹn 72 ní wákàtí kan. 36 ń wọlé, 72 ń jáde. Gbèsè 36 ni, 60 inú kóló á sì tán ní ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. 8:30 sí 10:10. Bí kóló bá ti ṣófo, ohun tó bá wọlé lójúmọ́ ni ẹ̀rọ ń jẹ: 30% core kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú àáyá 38 tí 7-Zip lò tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá fi 0.3 pín in, ẹ máa rí 127. Tiwa jẹ́ 129.

Ẹ wá rántí ọmọkùnrin oníṣẹ́jú mẹ́jọ. Ká tiẹ̀ ní ó lo core méjèèjì tán pátápátá títí ó fi lọ, kírẹ́díìtì 16 ló jẹ nínú 60. Kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. N kò rò pé ó fẹ́ tàn wá jẹ. Bóyá òun náà kò mọ̀.

Apá kan nínú ẹ̀bi náà jẹ́ tiwa. Nítorí owó wákàtí, à ń pa ẹ̀rọ ní aago márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, bí a bá sì ti pa á, kóló fọ́ nìyẹn, ohun tó kù nínú rẹ̀ dànù. Bí a bá fi sílẹ̀ kó tàn di mọ́jú, wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni yóò fi máa sọ owó sínú rẹ̀, á sì gbé Àǹtí dé ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá gbé káríkálétọ̀ rẹ̀. Owó wákàtí mẹ́rìnlélógún fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án kò bá a lára mu, ó sì tún wọ́n ju kí a gba ẹ̀rọ tí kò ní kóló rárá.

Bí a ṣe pín in nìyẹn. Àwọn márùn-ún tí iṣẹ́ wọn wúwo, Àǹtí ni àkọ́kọ́ wọn, gba ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ dúró sójú kan. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù, tó jẹ́ pé lẹ́tà àti ímeèlì ni tiwọn, dúró lórí kóló. A sún àyẹ̀wò antivirus sí aago kan ọ̀sán, nígbà tí wọ́n bá lọ jẹun. Ọ̀gá béèrè bóyá Àǹtí kò kàn lè dín ojú Chrome rẹ̀ kù. Àǹtí wò ó. Ọ̀gá kò béèrè mọ́.

Mo tún àyẹ̀wò ṣe láti 8:30 dé aago márùn-ún, ọjọ́ 25 oṣù, ọjọ́ owó oṣù gan-an. Fóònù lórí páálí, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí. Kò kọjá 46 títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní 10:10, mo dúró lẹ́yìn àga Àǹtí bí ẹni tó ń retí àlejò. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Ní nǹkan bí aago méjì, NEPA mú iná lọ ní àárín ìlà kan, ojú kọ̀ǹpútà ṣú, ìnfátà gbà á, ó wọlé padà. Nọ́ńbà tó ń tẹ̀ lọ́wọ́ wà níbẹ̀, ó ku odo méjì kó pé, kọ́sọ̀ ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tẹ odo méjì náà, ó sì kọjá sí ìlà tó kàn.

Printer la kò tíì rí yanjú. Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ń ya ìwé owó oṣù kó tó rán an wá sí ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ wọn, ojú ewé méjìlá sì ń gba bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kí èyí àkọ́kọ́ tó yọrí. Àǹtí máa ń tẹ print, á sì lọ bu omi mu.